KATAKATA WO NI Ó TỌ́ FÚN GÍGÉ KORÍKO ÀTI KÍKÓ ÌDÌ RẸ̀?



Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè Ìlọrin, koríko a máa ga ju ènìyàn lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ń náání rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kejì, koríko kan náà yóò ti gbẹ bí igi tàbí kí iná ti sọ ọ́ di eérú. Màlúù yóò rù, àgùntàn yóò rù, wàrà yóò wọ́n lọ́jà, darandaran yóò sì máa wá ewéko kiri títí yóò fi dé inú oko olóko. Ẹni tí ó bá gé koríko rẹ̀ ní àkókò, tí ó sá a gbẹ, tí ó sì dì í pamọ́, yóò bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wàhálà yìí.

Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn pé: katakata alágbára ẹṣin mélòó ni kí àwọn rà fún iṣẹ́ náà? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: ìdì koríko tí ẹ fẹ́ máa gbé, kílò mélòó ni? Gígé koríko kò le fún katakata. Gbígbé ni ó le. Katakata kékeré lè gé oko ńlá bí ẹ bá fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí iye ọjọ́ tí ẹ lè fún un tí yóò fi gbé ìdì tí ó ju agbára rẹ̀ lọ láìdojú dé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ KỌ́KỌ́ ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ mú bírò àti ìwé kí ẹ tó lọ bá ẹni tí ń ta katakata. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní màlúù 20 láàárín ara wọn. Màlúù tí ó wúwo tó kílò 250 yóò jẹ tó kílò 8 koríko gbígbẹ lójúmọ́ bí kò bá rí ohun mìíràn jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá títí di òpin oṣù Kẹta jẹ́ bí ọjọ́ 120. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ kílò 19,200. Ẹ fi bí ìdá kan nínú 10 lé e nítorí èyí tí yóò bàjẹ́, èyí tí ẹsẹ̀ ẹran yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀, àti èyí tí ikán yóò jẹ; ó di bí tọ́ọ̀nù 21. Bí hẹ́kítà kan bá fún yín ní tọ́ọ̀nù 3 koríko gbígbẹ, hẹ́kítà 7 ni ẹ óò gé. Oko ẹ̀ruwà tí a gbìn tí a sì fi ajílẹ̀ sí lè fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó lásán lè má tó o. Ẹni tí ó jẹ́ pé àgbò Iléyá nìkan ni ó ń sìn lè fi àgùntàn 8 dípò màlúù kan nínú ìṣirò yìí.

Bí ẹ bá ní ìtàkùn ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà ní ilé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye koríko tí ẹ fẹ́ gé. Oúnjẹ dáradára ni, ó sàn ju koríko lọ, kò sì ná yín ní epo katakata kankan.

Nígbà tí a ti mọ̀ pé hẹ́kítà 7 ni, ẹ wo bí iṣẹ́ gígé náà ti kéré tó. Ẹ mú ẹ̀rọ ìgékoríko eléyín, èyí tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ayùn, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1.5. Bí katakata bá ń fà á lọ ní kìlómítà 6 ní wákàtí kan, tí a sì yọ ìdá kan nínú 3 àkókò náà fún yíyípo ní ìpẹ̀kun oko àti fún yíyọ koríko tí ó há, yóò gé bí hẹ́kítà 0.6 ní wákàtí kan. Wákàtí 12 péré ni gbogbo hẹ́kítà 7 náà. Katakata alágbára ẹṣin 25 lè ṣe èyí láìmí hẹlẹ.

Irú ẹ̀rọ mìíràn ni èyí tí ó ní ìlù irin 2 tí ń yí, tí ọ̀bẹ kéékèèké wà ní ìdí wọn. Kì í tètè há, kò sì bẹ̀rù ẹ̀ruwà tí ó ti gbó; ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹ̀ ní mítà 1.65 ń béèrè katakata alágbára ẹṣin 35 sí 50, òun fúnra rẹ̀ kò sì fúyẹ́. Ẹ má ṣe ra slasher fún iṣẹ́ yìí. Slasher ni ẹ̀rọ tí a fi ń gé etí ọ̀nà, pápá ìṣeré àti gbàgede ńláńlá bí irú ti GRA ní Ìlọrin. Ó ń gé koríko sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a sì ṣubú sínú gbòǹgbò koríko, tí ẹ kò ní lè kó o, tí okùn kò sì ní lè dì í.

Ẹ rántí pé iye agbára tí a kọ sí ara katakata kọ́ ni ó ń dé ara ẹ̀rọ tí ó ń fà. Ọ̀pá tí ń yí ní ẹ̀yìn katakata, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní PTO, kì í sábà rí ju 85 nínú 100 agbára ẹ́ńjìnnì lọ. Katakata 45 yóò fún ẹ̀rọ ní bí 38. Nítorí náà, bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé 35 ni òun ń fẹ́ ní PTO, katakata 45 ni ó bá a mu, kì í ṣe 35. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó yóò tún dín kù sí i.

ÌDÌ NI Ó Ń PÀṢẸ

Oríṣi ìdì 4 ni ó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkínní kò fẹ́ ẹ̀rọ rárá. Ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ń lo àpótí pákó tí kò ní ìdérí àti ìdí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 85, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 55, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ 45. Wọn a tẹ́ okùn sínú rẹ̀, wọn a da koríko lé e, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọn a sì dì í. Ìdì tí ó bá ti ibẹ̀ jáde a máa tó kílò 20. Káfíńtà àdúgbò yín lè kan àpótí náà láàárín ọ̀sán kan. Ẹni tí ó ní màlúù 3 tàbí 4 kò nílò ju èyí lọ, kí ó sì háyà ẹni tí yóò bá a gé koríko.

Èkejì ni ìdì onígun kékeré tí ẹ̀rọ ìdìkoríko ń ṣe, tí ó wúwo tó kílò 15 sí 20, tí ọkùnrin kan lè fi ọwọ́ gbé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́ katakata alágbára ẹṣin bí 45 tí ó wúwo díẹ̀, nítorí pé bí irin inú ẹ̀rọ náà ti ń gún koríko, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti katakata síwá sẹ́yìn. Katakata tí ó fúyẹ́ yóò máa jó lórí ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdì roboto kékeré, tí kì í sábà ju kílò 35 lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, katakata 25 sí 35 sì tó o. Ẹ̀kẹrin ni ìdì roboto ńlá. Èyí tí ó fẹ̀ ní mítà 1.2 tí ó sì ga ní mítà 1.2 a máa wúwo tó kílò 250. Èyí tí ó ga tó mítà 1.5 a máa tó kílò 400, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdì ńlá yìí ni àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ sábà ń fẹ́, nítorí pé ènìyàn díẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Òun náà ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ ra katakata tí owó wọn kò ká, tàbí, èyí tí ó burú jù, kí wọ́n fi katakata kékeré gbé e.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Massey Ferguson 135, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1964, jẹ́ katakata alágbára ẹṣin bí 45, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 1 àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi irú katakata bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò. Nínú kílò 1,500 rẹ̀, ká sọ pé táyà iwájú ru 600, táyà ẹ̀yìn sì ru 900. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1.8. Bí ẹ bá gún ìdì kílò 400 mọ́ irin ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí àárín ìdì náà sì fi mítà 1.7 jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, katakata náà ti di ọ̀pá ìwọ̀n: ìdì ń tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀, iwájú sì ń fẹ́ gòkè. Ẹ fi 1.7 sọ 400 di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1.8 pín in. Ìdì náà ti gba bí kílò 380 kúrò lórí táyà iwájú. Ó ku 220. Òfin tí ó dára láti máa tẹ̀lé ni pé kí ìwúwo orí táyà iwájú má ṣe dín sí ìdá kan nínú 5 ìwúwo katakata fúnra rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 300 níhìn-ín. Katakata tí ó ku 220 ní iwájú kò ní gbọ́ràn sí ìdarí lẹ́nu, bí ó bá sì fẹ́ gun òkè kékeré tàbí tí awakọ̀ bá já kíláàṣì lójijì, iwájú lè gbéra nílẹ̀, kí katakata sì yí padà lé awakọ̀ lórí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ó ń gbà, awakọ̀ kì í sì í rí àyè fò sílẹ̀.

Bí ìdì náà bá jẹ́ kílò 250, ìṣirò kan náà yóò yọ bí 236 kúrò, yóò ku 364. Èyí dára. Ẹ̀yin náà rí i pé katakata kan náà, awakọ̀ kan náà, oko kan náà ni; ìdì ni ó yàtọ̀. Ẹ lè so irin kílò 100 mọ́ iwájú kí ó lè gbé èyí tí ó tó 400, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé apá gbígbé ẹ̀yìn rẹ̀ ká a pẹ̀lú. Ẹ ṣọ́ra fún iye tí olùtà bá sọ lórí apá gbígbé: ní orí apá náà gan-an ni wọ́n ti sábà ń wọn iye ńlá tí wọ́n fi ń polówó, ìdì yín sì wà jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ bèèrè iye tí ó lè gbé ní bí sẹ̀ǹtímítà 60 lẹ́yìn orí apá.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn yóò fi apá iwájú gbé e. Ìyẹn náà dára bí katakata bá tóbi, tí ẹrù ìdọ́gba wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìdì kò sì ga ju orúnkún lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi garawa ìkóyẹ̀pẹ̀ lásán gbé ìdì roboto sókè. Ìdì náà lè yí gba orí apá iwájú bọ̀ wá bá awakọ̀ ní ìjókòó rẹ̀. Irin tí ń gún un tàbí èyí tí ń há a mọ́ra ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ omi inú koríko wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ta ẹ̀rọ kì í mẹ́nu bà á. Ìdì tí ó yẹ kí ó jẹ́ kílò 15 lè di 25 bí ẹ bá dì í ní tútù, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ 250 a sì ju 350 lọ. Yàtọ̀ sí pé ó ń fi katakata yín sínú ewu, yóò hu olú, yóò gbóná nínú, ó sì lè gbiná nínú àká. Ẹ bu koríko sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da iyọ̀ díẹ̀ lé e, kí ẹ sì mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá ń dì mọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀ sínú oòrùn di ọ̀la.

Ní ti kíkó ìdì kéékèèké lọ sílé, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ọ̀rọ̀ kàn. Tọ́ọ̀nù 21 jẹ́ ìdì 1,400 oníkílò 15. Bí ẹ bá ń kó 60 lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ kílò 900. Ẹ fi kílò 500 kẹ̀kẹ́ kún un, ó di 1,400. Katakata oníkílò 1,500 lè fà á. Bí ẹ bá fẹ́ kó 100 lẹ́ẹ̀kan nítorí ìkánjú, ẹrù yóò wúwo ju ohun tí ń fà á lọ, àti pé ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ẹrù ni yóò máa ti katakata. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju katakata lọ. Bíi 24 ìgbà ni ẹ óò fi lọ tí ẹ óò fi bọ̀, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó jáde sí ojú títì, ẹ so àtẹ̀sẹ̀ bíréèkì 2 katakata pọ̀. Nínú oko ni a ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ lè yí kíákíá. Ní ojú títì, ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo yóò bá ara rẹ̀ nínú kòtò.

BÍ ẸGBẸ́ BÁ FẸ́ TÚLẸ̀ PẸ̀LÚ

Níbi yìí ni ìmọ̀ràn wa yóò ti yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Katakata tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí 12 ní gígé àti ọjọ́ díẹ̀ ní kíkó lọ́dún kò lè san owó ara rẹ̀ padà. Ó gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ tí ó sì wà ní agbègbè wa ni ìtúlẹ̀. Ohun èlò ìtúlẹ̀ aláwo 3 nínú ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó ti le ń fẹ́ katakata bí 65 sí 75, irú Massey Ferguson 375 tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Èyí ju ohun tí koríko ń béèrè lọ. Ẹgbẹ́ tí ó ní ilẹ̀ ìtúlẹ̀ púpọ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ń háyà, kí ó ra 65 sí 75, kí koríko jẹ́ iṣẹ́ kejì rẹ̀. Nígbà náà, ìdì roboto oníkílò 400 kò ní jẹ́ ìṣòro. Ẹgbẹ́ tí ẹran jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tí ilẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ó wá 45, kí ó sì dúró lórí ìdì kékeré. Ní tèmi, bí ẹran inú ẹgbẹ́ kò bá tó 20, kí wọ́n má ṣe ra ohunkóhun. Kí wọ́n háyà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí oko ńlá tàn yín. Ní ọdún 2005, àwọn àgbẹ̀ 13 láti Zimbabwe fìdí kalẹ̀ ní Shonga, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 1,000. Katakata tí ó yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò jẹ ẹgbẹ́ oníhẹ́kítà 7 run. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń mu bí lítà 2 sí 2 àbọ̀ fún agbára ẹṣin 10 ní wákàtí kan bí ó bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. Katakata ńlá tí ń ṣe iṣẹ́ kékeré kì í mu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ju kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ, táyà rẹ̀ wọ́n, ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tíì gbẹ di líle bí ojú ọ̀nà.

KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ ẹ̀rọ oko wò, tí à ń pè ní NCAM, wà nítòsí wa ní Ìdófìàn ní ojú ọ̀nà tí ó jáde láti Ìlọrin. Òfin ọdún 1990 ni ó gbé e kalẹ̀. Kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn 2 lọ síbẹ̀ láti bèèrè nípa irú katakata tí wọ́n ń wò. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì Ìlọrin, kì í ṣe lọ́wọ́ olùtà, irú èyí tí wọ́n lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà láàárín ọjọ́ 2. Katakata tí ó dúró de ẹ̀yà ara fún ọ̀sẹ̀ 3 ní oṣù Kẹwàá ti pàdánù koríko ọdún náà. Ọ̀dà tí ń dán a máa wu ojú, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í gbé ìdì.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ dán an wò báyìí: ẹ to àpò àgbàdo 4, kílò 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sórí pákó líle ní apá gbígbé ẹ̀yìn, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì ń jò nínú, ìdì yín yóò sì máa wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wo irin ààbò tí ó ga ju orí awakọ̀ lọ, kí ẹ sì wo ọ̀rá tí ó bo ọ̀pá PTO. Ọ̀pá náà ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Agbádá, ìborùn tàbí okùn ìdì tí ó bá kàn án yóò ti fa ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ́ra kí ó tó lè ké. Katakata tí kò ní ìbòrí yìí, ẹ má ṣe gbé e kúrò lọ́jà títí olùtà yóò fi fi sí i.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ háyà, kí ó bá onímọ́tò oko sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé nígbà tí ẹ̀ruwà bá fẹ́ yọ òdòdó ni ó dára jù láti gé e, gbogbo ènìyàn ni yóò sì máa wá katakata nígbà náà. Èyí tí ó bá gbẹ lórí ìdúró títí wọ inú ọyẹ́ kì í sábà ní ju 3 nínú 100 purotéènì lọ, ẹran yóò sì jẹ ẹ́ yó kí ó tún máa rù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rin gbogbo oko náà já, kí ẹ sì fi igi gíga tí a so aṣọ pupa mọ́ sàmì sí gbogbo ògán, òkúta àti kùkùté. Ẹ gé ìwọ̀nba tí ẹ lè sá gbẹ, kí ẹ dì, kí ẹ sì kó wọ ilé láàárín ọjọ́ 3. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ ní ìdí koríko kí ó lè tún hù, ẹ sì to ìdì sórí igi tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán, nítorí ikán.